Iná Búlúù Tí Kò Yéé Ṣẹ́jú

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kọkànlá

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jókòó dáadáa kí ẹ tó ka lẹ́tà yìí, torí ọmọ yín ti di ẹni ńlá. Èmi ni olórí gbogbo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà nílùú yìí. Níbi iṣẹ́ tí mo ń lọ lẹ́yìn ilé ìwé, àgbà ọkùnrin márùn-ún ló wà lábẹ́ mi. Ẹni tó kéré jù nínú wọn lè bí mi dáadáa, àmọ́ tí mo bá kàn wúkọ́ báyìí, gbogbo wọn á nàró. Ẹ̀rọ tó ti kú, tí wọ́n ti ń wá ibi tí wọ́n máa jù ú sí, tí mo bá ti fọwọ́ kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́rẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ bébà bí ẹni tó jẹ àjẹkì. Ọ̀gá pátápátá ti sọ ọ́ pé lọ́jọ́ tí mi ò bá wá síbi iṣẹ́, kí gbogbo ìlú kúkú padà sídìí bírò. Ṣé ó wá ń rẹ̀ mí? Rárá. Láti ìgbà tí mo ti dé ibí, kò rẹ̀ mí rí.

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfaradà eékún yẹn. Bùọ̀dá ní kí n kí yín. Irọ́ ni, ó ń sùn. Láti ìgbà tó ti ń wa ọkọ̀ akẹ́rù yìí, tí kò bá ti sí nídìí ọkọ̀, oorun ló ń sùn. Àmọ́ tó bá jí, ó dá mi lójú pé ó máa ní kí n kí yín.

Kó tó sùn, ó sọ fún mi pé ẹ pe òun, pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun tí a fi ránṣẹ́ sí yín, láti ọjọ́ tí ẹ ti tú u nínú páálí, kò tíì mú wáífáì. Ó ní iná búlúù iwájú rẹ̀ kàn ń ṣẹ́jú sí yín ṣáá bí ẹni tó fẹ́ fẹ́ yín. Ó ní ẹ ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, pé tí mo bá ń ṣàlàyé lórí fóònù, ẹnu mi ń sáré ju ọwọ́ yín lọ. Kò burú. Mo ti rọra.

Ẹ pa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ẹ pa róútà, ẹ̀rọ kékeré alábátìrì tó ń pín wáífáì, tí mo fi sílẹ̀ fún yín. Ẹ pa kọ̀ǹpútà. Ẹ lọ mumi. Ẹ wá kọ́kọ́ tan róútà, ẹ jẹ́ kó jí dáadáa, kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, kí ẹ tó wá tan kọ̀ǹpútà. Ẹ má tàn wọ́n papọ̀ o, wọ́n ń jowú ara wọn. Kò le rárá.

Èmi ni ọmọ yín tí ìlú ń wárí fún,
Ràdíò


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kọkànlá

Ràdíò tí kì í lo bátìrì,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà lórí fóònù. Ẹ kú oyè o, olórí gbogbo ẹ̀rọ. Nígbà tí o wà níbí, ẹní tí o máa ká láàárọ̀, ẹjọ́ ni. Níbẹ̀, àgbà ọkùnrin márùn-ún ń dìde tí o bá wúkọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wá oògùn sí ikọ́ náà ṣá.

Mo pa gbogbo wọn. Mo mumi. Mo tàn wọ́n bí o ṣe wí. Iná yẹn ṣì ń ṣẹ́jú. Mo tún un ṣe nírọ̀lẹ́, ó tún ń ṣẹ́jú. Mo jókòó, mo ń wò ó, òun náà ń wò mí. Kò sì fẹ́ mi.

Jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí fún ọ, kí o má baà rò pé eré ni. Ọ̀gá Àgbà ilé ìwé tó wà lẹ́yìn ilé wa gbé ìbéèrè ìdánwò gbogbo kíláàsì fún mi, láti orí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé dé orí àwọn tó fẹ́ jáde. Mo ti ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù yìí, ni àwọn ọmọ máa bẹ̀rẹ̀ ìdánwò. Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú rẹ̀ ló fẹ́ wá gbà á lọ́wọ́ mi. Tí kò bá bá a, ó di ti Olótùtù ní oríta. O mọ Olótùtù, ẹni tó gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, tí àwọn èèyàn fi ń lọ tẹ ìwé tí wọn ò nílò kí ara lè tù wọ́n. Tí iṣẹ́ ilé ìwé bá fi lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò ní padà sọ́dọ̀ mi mọ́.

Ibi tó wá kù fún mi ni ilé búrẹ́dì, kí n tún lọ máa dúró níwájú ààrò láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀, pẹ̀lú eékún tí dókítà ti ní kí n má fi dúró pẹ́ mọ́. Kí n má baà padà síbẹ̀ ni ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ fi ra ẹ̀rọ yìí. Mo mọ̀ ọ́n. Ìdí tí mi ò fi fẹ́ kó di ohun tí n ó máa gbé agolo bisikíìtì lé nìyẹn.

Má fi nǹkan kan ránṣẹ́. Kàn sọ ohun tí n ó ṣe. Ṣé ẹ̀ ń jẹun?

Ìyá rẹ


Ọjọ́ keje, oṣù kọkànlá

Màámi,

À ń jẹun. Bùọ̀dá ń jẹ tiẹ̀ lójú oorun.

Ẹ ò lọ sí ilé búrẹ́dì kankan. Kí n tó jẹ́ kí ẹ padà síwájú ààrò yẹn, n ó wẹ òkun wálé wá fi eyín so ẹ̀rọ náà mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ fọkàn balẹ̀.

Ọ̀nà tó yá jù lọ rèé: ẹ lọ ra okùn tí wọ́n fi ń so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ kọ̀ǹpútà, kí a gbàgbé wáífáì. Tí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, ẹ wo ojú ẹ̀rọ, ibi tí orúkọ àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń jáde. Tiwa ni "Ọlọ́pàá Ń Wò Ẹ́". Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí n tó kúrò nílé, nítorí àwọn ọmọ àdúgbò tó ń wá fara ti ògiri wa láti fa dátà ọ̀fẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti yí orúkọ náà padà, ẹ ò rí i pé ògiri wa sinmi? Páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ ni orúkọ tí ìyá yín máa ń pè yín tí inú wọn bá dùn, ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà kékeré, ẹ má fi àmì kankan sí i.

Tí ẹ ò bá rí orúkọ ọlọ́pàá níbẹ̀, bọ́tìnnì kan wà lápá òsì tí wọ́n ya nǹkan sí bí òṣùmàrè kéékèèké tó gun orí ara wọn. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ di í mú, ẹ má tú u sílẹ̀ títí ẹ̀rọ náà á fi kùn. Á tẹ ìwé kan jáde fúnra rẹ̀, níbi tó ti máa jẹ́wọ́ ohun tó ń ṣe é. Ẹ kọ ohun tó bá sọ ránṣẹ́ sí mi. Kò le rárá. Àwọn àgbà ọkùnrin mi ń fi ojú dídì ṣe é.

Ràdíò, ògbógi


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kọkànlá

Olórí gbogbo ẹ̀rọ,

Okùn ò ṣeé ṣe. Ihò méjì ló wà lára kọ̀ǹpútà mi. Ọmọ onílé, èyí tí a ń pè ní Ọ̀gágun, ti ki ẹyọ ìgbálẹ̀ bọ méjèèjì nígbà tí mo ń sáṣọ, ó sì kán síbẹ̀. Ó ní òun ń fún un lóúnjẹ. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní kí n gbàgbé ihò, kí n wá ẹ̀rọ tí kì í lo okùn. Ohun tó jẹ́ kí a ra aláìlókùn nìyẹn. Ṣé o ti gbàgbé ni?

Mo wá ọlọ́pàá rẹ lójú ẹ̀rọ, mi ò rí i. Mo wá a lórí kọ̀ǹpútà ní pálọ̀, mi ò rí i. Fóònù mi nìkan ló ń rí i, ìyẹn náà, àfi tí mo bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Tí mo bá ti dìde pé kí n wá a lọ, ó ti sá. Ọlọ́pàá gidi ni.

Mo di bọ́tìnnì mú. Ó kùn. Ó tẹ ìwé jáde lóòótọ́. Ohun tó kọ rèé: "Yíǹkì: ó kún. Bébà: ó wà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì: kò rí ìkankan nítòsí." Ìyẹn ni pé ara rẹ̀ le, ó kàn ní òun ò rí ẹnikẹ́ni nítòsí òun ni. Mo ní kò burú, bó ṣe ń ṣe èmi náà nìyẹn láti ìgbà tí ẹ ti lọ.

O kọ "kò le rárá" sínú lẹ́tà méjèèjì. Ràdíò, ó le.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kọkànlá

Màámi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú tí mo bá ń ṣi lẹ́tà tẹ̀, inú ọkọ̀ ni mo ti ń kọ ọ́, ojú mi sì ń pa dé.

Ohun tí ẹ̀rọ yẹn sọ ò yé mi. Ṣé inú ilé kan náà ni òun àti róútà wà? Àbí ẹ gbé ọ̀kan fún ará àdúgbò? Ilé wa tó jẹ́ pé tí èèyàn bá sín ní pálọ̀, ẹni tó wà ní yàrá ló máa nu imú, ibẹ̀ náà ni ẹ̀rọ ti ní òun ò rí nǹkan kan nítòsí? Ẹ gbé ẹ̀rọ náà lọ síwájú ilẹ̀kùn yàrá, kí wọ́n sún mọ́ra, kí ẹ tún un gbìyànjú.

Ẹ sì máa ka ohun tí mo bá kọ tán kí ẹ tó máa tẹ nǹkan kiri. Ọmọ ọdún mẹ́fà níbí ń so ẹ̀rọ mọ́ wáífáì kó tó wọ sòkòtò láàárọ̀.

Ràdíò


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá

Màámi,

Ṣé ó ti mú? Mo rí i pé ẹ ti ka lẹ́tà mi, àmì rẹ̀ ti yí padà lọ́dọ̀ mi. Ẹ ò fèsì.

Mo ṣàwàdà nípa ọmọ ọdún mẹ́fà o. Mi ò tiẹ̀ mọ ọmọ ọdún mẹ́fà kankan níbí. Èyí tó ń gbé lókè wa, àtàǹpàkò ẹ̀ ló ń mu.

Ràdíò


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kọkànlá

Màámi, ẹ kàn kọ "mo wà" sí mi. Ọ̀rọ̀ méjì péré. Ẹ bú mi gan-an, mo máa kà á. Bùọ̀dá pè yín lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ẹ ní ẹ ò ráyè. Èmi tí mo mọ̀ yín, ẹ máa ń ráyè bá ẹni tó ṣi nọ́ńbà pè sọ̀rọ̀.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kọkànlá

Ràdíò,

Mo wà.

Mo rí lẹ́tà rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo gbé ẹ̀rọ lọ síwájú ilẹ̀kùn yàrá. Ó wúwo. Mo gbé e sórí àpótí ìjókòó, mo kúnlẹ̀ tì í torí pé ojú rẹ̀ ti wá wà nísàlẹ̀. Iná náà dúró fún ìgbà díẹ̀, inú mi sì dùn. Mo ní kó tẹ ìwé kan, ó tẹ ìlà àkọ́kọ́, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Nígbà tí mo ní kí n dìde, eékún mi kọ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ títí ìyàwó onílé fi wá fà mí sókè.

Ọmọ ọdún mẹ́fà. Èmi tí mo gbé ọ lé ẹsẹ̀ kọ́ ọ ní a, b, d lórí ẹ̀rọ atẹ̀wé àtijọ́ tó ń dún bí òjò orí páànù. Mi ò bínú o. Ó kàn rẹ̀ mí láti fèsì ni.

Mo ti lọ rí ọ̀gá ilé búrẹ́dì. Ó ní ààyè mi ṣì wà níbẹ̀, kí n wá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ó wo bí mo ṣe wọlé, ó ní ṣé mo ṣì lè dúró? Mo ní mo lè dúró.

Má yọ ara rẹ lẹ́nu mọ́. Gbájú mọ́ ìwé rẹ.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kọkànlá, lọ́jọ́ kan náà

Màámi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Kì í ṣe ti ẹnu lásán, mo nà gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Bùọ̀dá jí, ó ní kí ni mò ń wá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ka lẹ́tà yín fún un. Kò padà sùn mọ́. Ṣé ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ wúwo tó kí Bùọ̀dá tó lè pàdánù oorun?

Ẹ má lọ síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ. Ọjọ́ Ẹtì ò tíì dé.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi yín, mi ò sì ní sọ pé kò le. Ẹ ṣe bí ẹni pé mi ò dé ilé wa rí. Ẹ fà mí lọ́wọ́ láti ibi tí ẹ̀rọ wà títí dé ibi tí róútà wà. Ẹ má fo nǹkan kan, bó ti wù kó kéré tó. Mo máa ń gbìyànjú láti rìn ín nínú orí mi tí mo bá wà nínú ọkọ̀. Pálọ̀ ṣì wà níbẹ̀ digbí. Àmọ́ tí mo bá ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá, mi ò rántí apá ibi tí fèrèsé wà mọ́.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kọkànlá

Ọmọ mi,

Apá ọ̀tún ni fèrèsé wà. Báwo lo ṣe máa gbàgbé fèrèsé tí o máa ń gbà sá jáde?

Ọ̀gá Àgbà wá lónìí. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo èmi náà. Ó kó ìbéèrè àwọn kíláàsì ńlá, ó gbé e lọ fún Olótùtù. Ó ní òun á fi ti àwọn kékeré sílẹ̀ fún mi di ọjọ́ Ẹtì, torí pé a ti ń bá ara wa bọ̀ tipẹ́. Kò pariwo. Ì bá tiẹ̀ pariwo.

O ní kí n fà ọ́ lọ́wọ́. Ó dáa, ẹ káàbọ̀ sílé.

Ẹ̀rọ ti padà sórí tábìlì ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ìta. Wàá gba ẹ̀yìn àga gígùn, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kán tí a fi bíríkì tì. Gbé ẹsẹ̀ sókè, kápẹ́ẹ̀tì ti ká níbẹ̀. Wàá ká kọ́tìnnì. O ti wọ yàrá nìyẹn. Fèrèsé lápá ọ̀tún, bẹ́ẹ̀dì lápá òsì. Wàá bẹ̀rẹ̀, wàá ti bàtà mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wàá wá fa àpótí irin jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èyí tí olóògbé bàbá yín gbé lọ sílé ìwé. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn mi. Wàá ṣí àgádágodo. Wàá gbé ìwé ẹ̀rí ẹ̀yin méjèèjì kúrò lókè, wàá gbé bàtà rẹ tí kò wọ ẹsẹ̀ rẹ mọ́ kúrò. Ṣẹ́ẹ̀tì ilé ìwé rẹ ló kàn. Wàá tú u. Róútà wà nínú rẹ̀.

Mo máa ń gbé e jáde láti fún un ní iná. Tó bá ti yó, mo máa ń wé e padà. Lọ́jọ́ tí o ń lọ, o gbé e lé mi lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, o ní, "Màámi, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ dáadáa o." Mò ń tọ́jú rẹ̀. Eruku kan báyìí ò kàn án rí.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kọkànlá

MÀÁMI!

Mo kígbe nínú ọkọ̀. Gbogbo èèyàn yíjú. Dírẹ́bà fẹ́rẹ̀ẹ́ já mi sílẹ̀.

Irin ni! Wáífáì kì í lè la irin kọjá. Ẹ tì í mọ́ inú irin, ẹ fi aṣọ dì í, ẹ fi bàtà tẹ̀ ẹ́ lórí, ẹ fi àgádágodo sí i, ẹ wá gbé bẹ́ẹ̀dì lé gbogbo rẹ̀! Mi ò tíì gbọ́ ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n tì mọ́lé tó bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ìgbà tí à ń wá a yìí, ó ń pariwo nínú àpótí ni, ìwọ̀nba ohùn tó ń yọ́ jáde létí ìdérí ni fóònù yín ń gbọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rọ ò purọ́. Ẹ̀yin náà ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo ní kí ẹ tọ́jú ẹ̀, tí mi ò sọ pé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú tiẹ̀ ni kí wọ́n gbé e síta.

Ẹ gbé e jáde báyìí. Ẹ gbé e sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ní gbangba. Ẹ má fi nǹkan bò ó. Ẹ jẹ́ kí eruku kàn án, kò ní kú. Ẹ wá tún un ṣe bíi ti àkọ́kọ́: róútà, kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ lé e, kí kọ̀ǹpútà tó tẹ̀ lé ẹ̀rọ. Ẹ mú orúkọ ọlọ́pàá, ẹ tẹ páásíwọ́ọ̀dù.

Tó bá ti mú, á tẹ ìwé kan tí àdírẹ́sì tirẹ̀ wà nínú ẹ̀, ìlà kan tó ní àmì bíi "a" tí ìrù rẹ̀ ká mọ́ ọn lára. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ má bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe.

Ẹ dá ṣẹ́ẹ̀tì padà sínú àpótí. Òun ò nílò wáífáì.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kọkànlá

Ràdíò,

Iná náà ti dúró. Mo dúró tì í, mo rò pé ó tún máa ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Kò ṣe é. Mo ní kó tẹ ìwé kan, ó tẹ̀ ẹ́. Mo ní kó tẹ gbogbo ti kíláàsì àkọ́kọ́, mo wá lọ jókòó sí ilé ìdáná, mò ń gbọ́ ọ bó ṣe ń tì í jáde. Mi ò fẹ́ wò ó, kí ojú má baà tì í kó tún dákẹ́.

Ọ̀gá Àgbà gba ti àwọn kékeré lánàá. Ó gbé ọ̀kan sókè sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà, ó ní ó mọ́. Ó ní ní sáà tó ń bọ̀, ọ̀dọ̀ mi ni òun á kọ́kọ́ yà kí òun tó dé oríta. Kò sọ pé gbogbo rẹ̀ ni òun máa fún mi. Mi ò sì bi í.

Nígbà tó lọ tán, mo gba ilé búrẹ́dì lọ. Mo sọ fún ọ̀gá ibẹ̀ pé mi ò ní lè wá lọ́jọ́ Ajé. Ó ní ṣé eékún ni? Mo ní rárá, iṣẹ́ ló wà nílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹni sọ ọ́ fún. Nígbà tí mo délé, mo sùn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

Fọ́tò tí o bèèrè wà nísàlẹ̀ lẹ́tà yìí. Ìka mi bo etí rẹ̀ kan, fara dà á.

Ó ku ohun kan. Mo bi ẹ̀gbọ́n rẹ nípa àgbà ọkùnrin márùn-ún tó wà lábẹ́ rẹ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó ní kí n bi ìwọ alára. Mò ń bi ọ́.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kọkànlá

Màámi,

Ẹ má sá o! Iwin kọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ náà kàn ṣàdédé dìde, ó ń tẹ̀wé nígbà tí ẹ ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Èmi ni. Àdírẹ́sì tí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ni mo fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí, ẹ̀rọ gbà á, ó tẹ̀ ẹ́ fún yín. Mo ti wọ pálọ̀ láì kan ilẹ̀kùn. Ẹ rọra mú un létí, yíǹkì rẹ̀ lè má tíì gbẹ. Mo fi lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà kọ ọ́ kí ẹ má baà máa wá gíláàsì kiri.

Ẹ bi mí nípa àgbà ọkùnrin márùn-ún. Wọ́n wà. Mi ò hùmọ̀ wọn. Ẹni tó wà lábẹ́ ẹni nìkan ni mo yí padà. Tí wọ́n bá wúkọ́, èmi ni mò ń dìde. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbé páálí bébà gòkè láti ìsàlẹ̀, kí n máa kó èyí tó bàjẹ́ dànù, kí n gbálẹ̀ tí wọ́n bá ti lọ. Wọn kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan. Ohun tí mo ń kọ sí yín, ẹ̀yìn wọn ni mo dúró sí gbọ́ ọ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ìyókù ni mo lọ wá kà. Ọ̀gá pátápátá ò mọ orúkọ mi. "Ìwọ yẹn" ló ń pè mí. Ẹ̀rọ yín ni àkọ́kọ́ tí mo máa tún ṣe láyé mi, tí ẹ bá sì sọ fún àdúgbò pé ẹ̀yin lẹ tún un ṣe, mi ò ní jiyàn, torí pé ẹ̀yin ni.

Ẹ ti mọ̀ mí, gbogbo ìyẹn, àsọdùn ni, ẹ ò tiẹ̀ gbà á gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ni mo ti purọ́ gidi fún yín nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn, ibẹ̀ náà ni mi ò ti pariwo: ibi tí mo ti ní kò rẹ̀ mí rí.

Ràdíò